Àkúdàáyà Òyìnbó àti Ẹ̀jẹ̀ Ṣadé

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Mushin. Màámi, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Ìyá Àgbà, mo gbọ́ pé orúnkún tún ń yọ yín lẹ́nu, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sílẹ̀ nínú òtútù. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí Bàbá ká ní gbàgede bí Bàbá Akọ̀wé ṣe ń ka ìwé ìròyìn yìí. Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú làálàá ojú, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan, bó ti wù kí Bàbá wúkọ́ tó.

Ẹ ó bi mí pé ọmọ wo ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé báyìí. Bàbá, lẹ́tà tí mo fi rán awakọ̀ tó ń kó iṣu wá sí Èkó, mo mọ̀ pé ó dé ọwọ́ yín. Èsì tó padà wá, ẹnu lẹ fi rán an. Ẹ ní ẹnikẹ́ni nínú ilé yín kò gbọdọ̀ na apá rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì Èkó, ẹ sì ní Rẹ̀mí náà kò gbọdọ̀ ṣe é. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìgbà tí mo sun ún tán ni mo rántí pé ìwé ìròyìn yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ yín ní gbogbo Sátidé, ẹ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ká a títí wọn yóò fi kà á dé ẹ̀yìn. Mo lọ bá olóòtú. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé tiwa nìkan.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wá: èmi ni àkọ́bí Bàbá mi, tíṣà ni mí ní Súrùlérè. Ṣadé ni àbíkẹ́yìn wa. Rẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà ní Ìlúpéjú. Oyún Ṣadé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣùgbọ́n ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ibi ọmọ ló jókòó sí ojú ọ̀nà, ọmọ kò lè gba ibẹ̀ jáde, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lára ìyá. Ó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún un kí wọ́n tó fọwọ́ kan án, ẹbí rẹ̀ ló sì yẹ kó wá fi sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ na apá. Wọ́n ní tèmi kò bá tirẹ̀ mu. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà! Ṣùgbọ́n ti Láyí àbúrò mi bá a mu, ti Rẹ̀mí náà sì bá a mu.

Láyí wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kó wá wo àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sì janpata, ó kàn ń bi mí bóyá wọn yóò fún òun ní mílíìkì mu lẹ́yìn rẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mọ́tò kan ń yí Mushin ká, ó gbé gbohùngbohùn sórí, ó ń kéde sinimá òyìnbó tuntun kan. Wọ́n ní ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá ki kó jókòó sílé. Wọ́n ní ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ti fi nọ́ọ̀sì sí ẹnu ọ̀nà fún ẹni tó bá dákú. Ẹ mọ Láyí, ẹni tí wọ́n bá ní kó má wá ni yóò kọ́kọ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí mo ṣe wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti àwọn ọmọ ilé tí mò ń gbé gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọlé.

Ohun tó rí níbẹ̀ nìyí, bí àwọn tí wọ́n jọ lọ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọlọ́lá òyìnbó kan ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣùgbọ́n kò lọ. Nínú pósí ló ń sùn lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò dìde, yóò wọ aṣọ dúdú ńlá tí inú rẹ̀ pupa, yóò máa wọ ilé àwọn ọmọge láti mu ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́rùn. Àwọn ará Mushin kò tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Àkúdàáyà òyìnbó ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó ti ṣí pósí. Wọ́n ní ariwo sọ, bàbá kan sá jáde, ó fi sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan dákú lóòótọ́, nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà náà sì gbé e lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé sinimá. Láyí rí èyí. Ó rí aṣọ funfun, ó rí fìlà nọ́ọ̀sì, ó rí obìnrin tí wọ́n ń gbé lọ, ó sì ro ti apá tí òun fẹ́ nà lọ́jọ́ Ajé. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti bọ́ sí mọ́tò Ìbàdàn.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́ fún yín. Mo rò pé ojú kàn ń tì í ni, pé yóò padà. N kò mọ̀ pé ó ti délé sọ fún yín pé àwọn nọ́ọ̀sì Èkó àti àkúdàáyà jọ ń ṣiṣẹ́ ni. N kò mọ̀ pé ẹ ti béèrè pé ibi tí wọ́n bá ti ń kó ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú ìgò pamọ́, ta ni yóò wá mu ún?

Bàbá, nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bísí ni, ọmọ tó ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú ní ojúlé kejì sí tiwa. Àwọn oní sinimá ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun kí èrò lè pọ̀. Yàrá tó gbé obìnrin yẹn lọ, omi tútù ló fún un níbẹ̀, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Láyí kò pẹ́ ní àdúgbò débi tí yóò fi dá a mọ̀. Bísí ti wá sọ́dọ̀ mi, ó ń sunkún, nítorí àwọn ọmọdé kò ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ń sá fún un. Ó ní tí mo bá fẹ́, òun yóò bá mi wá sílé, òun yóò dúró níwájú yín nínú aṣọ tí òun fi ń ta ẹ̀pà kí ẹ lè rí i pé ẹlẹ́pà lásán ni òun.

Ẹ má rò pé Láyí nìkan ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gé èèpo ọsàn ṣe eyín gígùn, wọ́n ń lé ara wọn kiri ní àkókò ìsinmi. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tòótọ́ wá gún wọn lábẹ́rẹ́, ṣe ni wọ́n gba ojú fèrèsé jáde. Mo rẹ́rìn-ín níjọ́ yẹn náà, ẹ̀rín yẹn kò sì dé inú. Ní wọ́ọ̀dù tí Ṣadé wà, ìyàwó kan wà tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá títí dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n rí ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì yíjú padà. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe parí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣófo nígbà tí mo tún dé, n kò sì lè béèrè.

Òjò kò dáwọ́ dúró níbí. Omi ń wọ yàrá mi, mo ti fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè. Tí mo bá kúrò níléèwé, mo máa ń ká gèlè mi sínú àpò, n ó gba inú ẹrẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Tí mo bá sì kúrò níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tí mo lè sọ ohun tí mo rí fún. Ẹ̀ ń bi mí léèrè ọkọ nínú gbogbo lẹ́tà yín, Bàbá. Kì í ṣe ti ọkọ ni ó ń dùn mí báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi nìkan ni ilé wa ní Èkó, ẹrù gbogbo wa sì wà lórí mi. Kì í ṣe owó ni mo ń tọrọ. Ìwọ̀nba tí mo ń gbà tó wa jẹ. Ohun tí mo ń tọrọ kò sí lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ sinimá yẹn kò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá lọ wádìí rẹ̀. Ọ̀gá wa níléèwé sọ fún mi pé inú ìwé kan ni wọ́n ti yọ ọ́, ìwé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ti ń kà kí a tó bí yín. Ó ní i nílé rẹ̀ ní Yaba, ó sì yá mi. Ìwé ńlá ni. Lẹ́tà ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń kọ̀wé sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tó kọ ọ́, ó jọ pé ó mọ bí ìbẹ̀rù ṣe ń wọ ilé, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tí yóò sì gba ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ló ti ro ó jáde, Bàbá. Kò sí irú òkú bẹ́ẹ̀. Àlọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ti ìjàpá ṣe jẹ́ àlọ́, àfi pé èyí kò ní orin.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn tó ṣe sinimá yọ kúrò. Nínú ìwé, ọmọge tí àkúdàáyà náà ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá wà. Bó ṣe ń funfun, tí ètè rẹ̀ ń gbẹ, dókítà pe àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé e níyàwó ló kọ́kọ́ ṣe é. Mo ka ibẹ̀ ní kíláàsì, àwọn ọmọ ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́, omi bọ́ lójú mi. Bóyá àwọn oní sinimá rò pé ọkùnrin tó ká apá aṣọ sókè kì í mú èrò pariwo. Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ nìkan ni Láyí rí. Kò rí àwọn tó ń fúnni.

N kò ní tan yín jẹ, nítorí Bàbá Akọ̀wé lè rí ẹni tó ti ka ìwé náà. Ọmọge yẹn padà kú. Dókítà ti ní kí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, ó ti fi ohun tí yóò dáàbò bò ó sí yàrá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọlé, kò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní yàrá ọmọ òun móoru jù. Ó kó nǹkan wọ̀nyẹn dà nù, ó ṣí fèrèsé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé náà dé, nítorí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ̀yin náà fi rán ọ̀rọ̀ yẹn sí mi.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe òpè. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Rẹ̀mí ti wá. Ẹ̀yin àti Bàbá Oníkòkó gé ọwọ́ yín nígbà èwe, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ mulẹ̀, láti ìgbà náà ọmọ wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ wa, nítorí ẹ ti di ọmọ ìyá. Ìdí nìyí tí ẹ fi ní bí ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀mí bá wọ inú Ṣadé, ó ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, pé èèwọ̀ ni kó tún bá a sùn, pé ẹ ó tú ilé wọn ká. N kò bá yín jiyàn lórí ìmùlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹnu ni wọ́n fi ń dá a, pé ẹni méjì yóò dúró, wọn yóò pe ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ta ló pe ilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù? Ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n fẹ́ fún ní ohun tí yóò gbé e ró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ tí paramọ́lẹ̀ bu Màámi jẹ lóko. Èmi ni mo gbé omi sílẹ̀ tí mo sì sáré dé ibẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ fi abẹ là á, ẹ fi ẹnu fà á, ẹ ń fà, ẹ ń tu. Ẹ̀jẹ̀ Màámi wà ní àgbọ̀n yín, ó wà ní àyà yín. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ tu gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó sọ lọ́jọ́ náà pé ẹ ti di ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín. Gbogbo abúlé ló ń kí yín pé ẹ kú orí ire, ẹ kú ìdúró ti aya. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ bí Ṣadé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú ilé ká, a kì bá tí ní i.

Rẹ̀mí ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ti kúrò ní ibi iṣẹ́, òórùn rọ́bà ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lánàá ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Àǹtí, ẹ bá òun sọ fún Bàbá pé òun fara mọ́ ọn, kí ẹ tú ìgbéyàwó àwọn ká bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní ìyàwó tó padà sílé bàbá rẹ̀, òun ṣì lè máa gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ṣadé ní tirẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní ẹ̀yin ni bàbá, èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun kò lè fi ẹnu òun yan ọkọ ju bàbá òun lọ, kí àwa àgbà bá ara wa sọ ọ́, ohun tí wọ́n bá fi sí òun lára ni òun yóò gbà. Ó wá ní bí kò bá bọ́ sí i, kí n sọ fún yín pé òun gbọ́ràn sí yín lẹ́nu títí dé òpin. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé kí n bá òun ra búrẹ́dì.

Nítorí náà, Bàbá, ohun tí n ó ṣe nìyí. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Sátidé yìí ni iṣẹ́ abẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí Láyí padà wá. Èmi ni n ó dì í lọ́wọ́ mú. Bí n kò bá rí i títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, èmi Àbẹ̀kẹ́ ni n ó sọ fún dókítà pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀mí. Èmi ni n ó tọwọ́ bọ̀wé sí i. N kò sọ èyí fún Ṣadé, kò sì fún mi láṣẹ. Rẹ̀mí kò tàn mí. Mo fi lọ yín, ẹ ti ní kí n má ṣe é, n ó sì ṣe é. Bí èèwọ̀ bá wà níbẹ̀, orí èmi ni kó wà. Ẹ má tú ilé Ṣadé ká. Bí ẹ bá gbọdọ̀ lé ọmọ kan jáde, ẹ lé mi.

Mo kí yín, mo tún kí yín. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn fún yín, kí iṣu yín ta, kí òjò yìí ṣe yín lóore. Màámi, ẹ gbàdúrà fún wa, ẹ má sunkún níwájú Ìyá Àgbà. Láyí, n kò bínú sí ọ, mo mọ bí ẹ̀rù ṣe rí. Ẹ bá mi kí Bàbá Oníkòkó àti gbogbo ojúlé wa láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Bàbá, àsìkò yìí ló yẹ kí ẹ súre fún mi, n kò sì ní gbọ́ ọ láti ibí. Ẹ má súre fún mi. Ẹ fún Ṣadé ní tèmi.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò tíì ṣàìgbọràn sí yín rí,

Àbẹ̀kẹ́.